Wọ́n Kà Mí Mọ́ Ẹja

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń wa ọkọ̀ lórí omi yìí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé mi jókòó sórí àwọ̀n kí n lè rí iwájú. Láti Etikan títí dé Igbókòdá, mo mọ ibi tí yanrìn gbé ga lábẹ́ omi, mo mọ ibi tí ewé gbéborùn ti máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì máa ń dá ìró ẹ́ńjìnnì àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ kí n tó rí orí ọkọ̀ wọn. Ní ibùdókọ̀ wa, tí mo bá ní omi ò dáa lónìí, èrò á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Èmi yìí náà ni ọmọ àbúrò mi obìnrin kọ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tó sì kọ ọ́ mọ́ àárín ẹja.

N kò sọ pé ó bú mi ní ẹja o. Èébú ì bá sàn, nítorí èébú kì í so. Inú ìwé kọ̀ǹpútà náà ló kọ ọ́ sí, ojú mi yìí ni mo sì fi rí i.

Ọmọ náà ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó wá sílé fún ìsinmi, ó ní òun ti ṣe géèmù kan tí yóò mú orí gbogbo ará etí omi wú. Ọkọ̀ ni gbogbo ẹni tó bá wọlé á máa wà. Èèyàn lè dẹ àwọ̀n, ó lè kó edé, ó lè gbé e lọ sọ́jà, ó sì lè bá ẹlòmíràn sáré. Fóònù ni wọ́n fi ń ṣe é, ọgọ́ta èèyàn sì lè wà lórí omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe eré ọkọ̀ ní Ìlàjẹ kí ọlọ́kọ̀ máà sí níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣáájì fóònù. Ẹ má béèrè iná ìjọba lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìfojú kàn án. Ilé iṣẹ́ kan wá gbẹ́lẹ̀ ní agbègbè Ararọ̀mí ní 1908, epo ni wọ́n ń wá, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ orúkọ Olóìbírí tó lókìkí fún epo. Láti ìgbà náà la ti ń retí ìmọ́lẹ̀. Fóònù tó bá ti kún, olówó rẹ̀ á gbé e lọ sí òpin àfárá pákó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń gbéra, á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á máa fì lórí omi gidi, ojú wọn á wà lórí omi inú fóònù.

Mo jókòó sáàárín wọn. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Omi yọ, ọkọ̀ mi yọ, ó pupa fòò, inú mi dùn sí i. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Omi lásán. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹja, kò sí igi tó léfòó. Àfi èmi nìkan gíogío lórí omi tí wọ́n ní ọgọ́ta èèyàn wà. Mo rò pé bóyá wọ́n ti lọ sọ́jà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Bàbá, ẹ yà fún mi o!"

Mo ní, "Kí n yà fún ta ni?"

"Èmi ni mo wà níwájú yín!"

Kó tó pa ẹnu dé, ọkọ̀ mi mì gbì. Agbọ̀n edé mi, tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo wọlé, ó ti ṣófo. Ẹlòmíràn tún gbá mi lẹ́yìn. Gbogbo àfárá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń rí mi kedere, wọ́n ń yí mi ká, wọ́n ń jà mí lólè, èmi ò sì rí ẹnì kankan. Ẹnì kan tó jókòó débi pé èjìká wa kan ara wọn ń sọ fún mi pé òun dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi nínú géèmù, mo wo ọ̀tún, omi ni.

Mo gbé fóònù fún ọmọ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní fóònù ò ṣe nǹkan kan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń fi ìka yí ìwé náà lọ sókè sódò, ó wá dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Bí mẹkáníìkì ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn nígbà tó bá ti de ẹ́ńjìnnì ẹni tán, tó wá rí nọ́ọ̀tì kan tó kù nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣàlàyé fún mi. Módùlù kan, ìyẹn ègé ètò kọ̀ǹpútà, wà nínú sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù náà, ọ̀fẹ́ ló rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, AOI ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òun ló ń pinnu ẹni tó yẹ kó rí ẹni. Ohunkóhun tó bá wà lórí omi, a gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ibi tó wà àti irú ẹni tó jẹ́. Irú méjì péré ló mọ̀. Ẹni tó ń wò, lẹ́tà w ni wọ́n á kọ fún un. Ẹni tí à ń wò, lẹ́tà m. Ọmọ èèyàn tó ń ṣeré, tó ń wò, tí wọ́n sì ń wò, wm ni tirẹ̀. Ẹja, òkúta àti ewé tó ń léfòó, m lásán, nítorí ẹja ò ní fóònù, kò sì sí ìdí tí sáfà á fi máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹja. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, n kò jiyàn.

Níwájú orúkọ gbogbo ọmọ tó jókòó sórí àfárá yẹn, wm. Níwájú tèmi, m.

Ó ní kí n má bínú. Ó ní àwa àgbà ni òun kọ kẹ́yìn, ilẹ̀ ti ṣú, bátìrì ń kú lọ, òun kàn da ìlà tó wà lókè orúkọ wa kọ ni. Mo ní ìlà ta ni ó wà lókè orúkọ wa? Ó ní ti ọ̀bọ̀kún. Ó wá fi kún un, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yẹ̀, pé ọ̀bọ̀kún kì í ṣe ẹja yẹpẹrẹ.

Ó fi w kún tèmi lójú mi. Kí ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí.

Mo kọ́kọ́ bi í léèrè pé kí la tilẹ̀ fẹ́ fi módùlù ṣe. Sáfà ò ṣe kàn sọ ohun gbogbo fún gbogbo èèyàn, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ yan èyí tó kàn án? Bí a ṣe ń ṣe ní Etikan nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó kú sí i. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè èrò. Ọkọ̀ ọgọ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tó wà nígbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí gbogbo èèyàn bá fẹ́ gbọ́ nípa gbogbo èèyàn, 60 lọ́nà 59 ni, ìròyìn 3,540 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 35,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú rẹ̀, 590 ló máa já lu fóònù tèmi. Ìròyìn kan ò ju báìtì 30 lọ, láìka àpò tí wọ́n fi dì í, síbẹ̀ tí mo bá fi wákàtí kan ṣeré, mẹ́gábáìtì 64 ti wọ omi. Tí èrò bá di 120, iṣẹ́ sáfà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àwọn mẹ́fà tó súnmọ́ mi nìkan ni wọ́n ń ròyìn fún mi, mẹ́gábáìtì mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa jẹ ní wákàtí kan.

Mo dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń fi owó epo ra dátà kì í dédé gbó irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ó tún sọ èyí tó dùn mí jù fún mi: sáfà náà ò sí ní Etikan, kò sí ní Nàìjíríà pàápàá. Kọ̀ǹpútà kan ló yá ní Yúróòpù. Ìyẹn ni pé ọmọ tó fi èjìká kàn mí lórí àfárá, tó bá fẹ́ gbá ọkọ̀ mi, ìròyìn rẹ̀ á wọ inú òkun ní Èkó, á gba wáyà abẹ́ omi dé ilẹ̀ òyìnbó, módùlù á jókòó, á gbèrò bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn mí, kó tó wá rán an padà. Ní 14 oṣù Kẹta 2024 tí wáyà mẹ́rin já ní ìhà Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, ìdajì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló wá rí i pé òkun ni ọ̀rọ̀ òun ń gbà. Àwa tí a ń gbé etí òkun kọ́ ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún, a kàn rò pé ó yẹ kí á jẹ àǹfààní ibẹ̀ díẹ̀ ni.

Ìgbà tí ojú mi là nínú géèmù, wàhálà kejì dé. Mo rí ọkọ̀. Mo rí ọkọ̀ púpọ̀. Mo rí ọkọ̀ àwọn tó ti lọ sùn. Mo bá ọ̀kan dúró, mo kí i, mo tún un kí, kò dá mi lóhùn. Mo ní irú ọmọ wo nìyí tí kò mọ àgbà? Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti wà nílé rẹ̀, ó ń jẹ púpurú. Ó ṣẹlẹ̀ pé módùlù náà máa ń kéde ẹni tó wọ àyíká rẹ, kì í kéde ẹni tó jáde kúrò níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ọmọ àbúrò mi sì gbàgbé. Torí náà gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá rí, òjìji rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, wọ́n to ara wọn lọ rẹrẹ, n kò sì mọ ààyè yàtọ̀ sí òjìji títí tí ààyè fi jí edé mi.

Ó tún ìyẹn ṣe. Ó gé omi náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 50. Ojú tí mo wà nínú rẹ̀ àti mẹ́jọ tó yí i ká, mẹ́sàn-án, ìyẹn ni ayé mi. Tí mo bá sún bọ́ sí ojú tó kàn, mẹ́ta á wọlé níwájú, mẹ́ta á kúrò lẹ́yìn, sáfà á sì sọ fún mi pé kí n pa àwọn tó wà nínú mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ́. Ó mọ́ tónítóní lórí ìwé. Ṣùgbọ́n níbo ni apẹja máa ń dúró? Níbi tí ẹja bá wà. Ibi tí ẹja wà nínú géèmù yẹn, orí ìlà gan-an ni. Mo dẹ àwọ̀n mi, ìgbì ń gbé mi bọ́ sí apá kejì ìlà, ó ń dá mi padà, ó tún ń gbé mi lọ. Bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀ yẹn, odidi ìlà ọkọ̀ mẹ́rin ń yọ, wọ́n ń pòórá, wọ́n ń yọ, wọ́n ń pòórá. Orí fọ́ mi. Ìyàwó mi tó ń wò láti ẹ̀yìn ní ṣé iṣẹ́ ẹ̀mí ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe lórí fóònù.

Oògùn tí wọ́n ń lò fún ìyẹn ni ìlà méjì: kí ènìyàn wọlé ní mítà 50, kó má sì jáde títí á fi di mítà 70. Ìgbì lásán ò lè gbé èèyàn la mítà 20 já. Ó ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Mo gbé e fún un.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún mi, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe òun ló dá ìwà yìí sílẹ̀. Ó ní láti 1978 ni Roy Trubshaw àti Richard Bartle, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe MUD, eré tí kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ lásán. O wà nínú yàrá kan, ẹni tó bá wà nínú yàrá náà lo máa gbọ́ ohùn rẹ̀, tí yàrá kejì ò kàn ọ́. Èyí yé mi. Ògiri ló dí ọ lójú, a kì í bá ògiri jà. Nígbà tó yá ni àwọn ológun Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ogun jíjà, ọkọ̀ ogun kan bá mira, á pariwo rẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ yòókù, ó wá di pé tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, àtigbọ́ ariwo nìkan ti tó iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ní 1995, Michael Macedonia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Monterey, ní California, kọ ìwé kan jáde tí wọ́n fi gé pápá ogun sí igun mẹ́fà-mẹ́fà, kí ọkọ̀ máa gbọ́ kìkì èyí tó wà nítòsí rẹ̀. Monterey yìí, mo béèrè, ìlú apẹja ni. Sadín ni wọ́n ń dì sínú agolo níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ ò rí i pé ọmọ etí òkun kan náà ló ń fi ojú ọmọ etí òkun pa mọ́?

Ìwé tí inú mi dùn sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ti jáde kí èyí tó jáde. Ní 1993, Steve Benford ní Nottingham àti Lennart Fahlén ní Sweden ní nǹkan méjì ló wà nínú kí ẹnì kan mọ̀ nípa ẹnì kejì. Ọ̀kan ni ibi tí èmi kọ ojú sí. Èkejì ni bí ìwọ ṣe ń ta jáde tó, bí ariwo rẹ ṣe rinlẹ̀ tó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mítà nìkan. Mo fò sókè nígbà tó sọ ọ́, mo ní ìwé yẹn gan-an ni mo ti ń kà láti kékeré! Ọkọ̀ àjẹ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe, kò kàn mí. Ọkọ̀ fáíbà tó gbé ẹ́ńjìnnì ńlá méjì, tó ṣì wà lẹ́yìn kọ́nà, tí n kò tíì rí, tí mo kàn ń gbọ́ hùùù rẹ̀, òun ló kàn mí, nítorí ìgbì rẹ̀ ló máa dà mí nù. Lójú omi gidi, mo ní ìṣẹ́jú kan gbáko tí mo fi máa yí orí ọkọ̀ padà kọjú sí ìgbì. Nínú géèmù ọmọ àbúrò mi, ọkọ̀ yẹn kò sí láyé títí á fi ku mítà 50. Ó ń sá mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò ohun tó kù fún mi. Kí ìròyìn tó ti Yúróòpù dé, mo ti wà nínú omi.

Mo bi í pé tó bá ti mọ Benford, kí ló dé tó fi kà mí mọ́ ẹja? Ó ní módùlù tó rí lọ́fẹ̀ẹ́, mítà nìkan ló mọ̀.

Kì í sì í ṣe pé àwọn ńlá ò rí ọgbọ́n dá sí i. Ilé iṣẹ́ Epic tó ni Fortnite, níbi tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ń lé ara wọn kiri, gbé irinṣẹ́ kan jáde ní 2018 tí wọ́n pè ní Replication Graph. Àwọn náà gé ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ máa rí níbikíbi tó bá wà. Mo ní kó bá mi kọ ẹ́ńjìnnì ńlá síbẹ̀. Ó ní tí òun bá kọ ẹ́ńjìnnì ńlá síbẹ̀, gbogbo ọmọ tó wà lórí àfárá ló máa ra ẹ́ńjìnnì ńlá kí gbogbo ayé lè máa rí i. Ó mọ àwọn ọmọ wa.

Ó sì tún sọ ohun kan tí n kò lè dá padà. Ó ní sáfà tó bá fi ohun gbogbo ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo èèyàn, ọmọ tó bá gbọ́n díẹ̀ á tú fóònù rẹ̀ wò, á máa rí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó ṣe géèmù Valorant ní 2020 ò ṣe ń sọ ibi tí ọ̀tá wà fún ọ àfi tó bá ku díẹ̀ kí o rí i. Ohun tí wọn ò fi rán ọ, o ò lè jí i wò. Ọmọ kan lórí àfárá sọ orí kodò nígbà tó ń sọ èyí, mo sì mọ ẹni tó jí edé mi láti ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà módùlù yìí síwájú sí i. Gbogbo agbára rẹ̀ ni pé kí èèyàn fọ́n ká. Ẹ bá mi wá ibi tí ará Ìlàjẹ ti ń fọ́n ká lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí ọmọ náà ní òun máa ṣí ọjà nínú géèmù, gbogbo ọgọ́ta wa rọ́ lọ sí èbúté kan ṣoṣo. A kóra jọ sínú ojú kan. Kí ni módùlù fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀? Gbogbo wa la wà nítòsí ara wa, gbogbo wa la kan ara wa, ó tún ti di 60 lọ́nà 59. Fóònù mi gbóná. Ọkọ̀ mi dúró gbagidi, ó tún fò, ó balẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹlòmíràn, sáfà kú.

Ó ní kì í ṣe àwa nìkan. Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà ní Iceland, CCP, tó ń ṣe EVE Online láti 2003, ogun inú ojú ọ̀run, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú ayé kan náà. Ní oṣù Kíní 2014, ẹgbẹ́ kan ò san owó ilẹ̀ rẹ̀ lásìkò ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB, ọ̀tá ya wọ ibẹ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀, ó sì gba nǹkan bíi wákàtí 21. Èèyàn tó lé ní 7,000 ló dá sí i. Kò sí módùlù tó lè sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Ohun tí àwọn Iceland máa ń ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fa àkókò sẹ́yìn: ìṣẹ́jú àáyá kan nínú eré á di mẹ́wàá níta, kí sáfà lè rí ààyè mí. Àwọn Iceland náà, apẹja ni wọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó bá ti ta ẹja rí ló máa mọ̀ pé ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ lébùúté, àkókò kì í rìn.

Mo ní kó fa àkókò tiwa náà sẹ́yìn. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ò ní gbà fún un. Aago mẹ́sàn-án ni oníṣọ́ọ̀bù ń pa á.

Ohun tó wá mú mi bínú dé ibi tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta kò ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo ti ní kó bá mi fi kún àyíká mi. Mo ní kí ojú mi tó mítà 200, kí n lè máa rí àwọn ọkọ̀ fáíbà yẹn lókèèrè. Mo ti gbọ́ pé ẹni tó ni sáfà ló ń yan ìyẹn. Nínú géèmù Minecraft pàápàá, ìwé kékeré kan ló wà nínú sáfà tí wọ́n ń kọ bí ojú èèyàn á ṣe tó sí, view-distance ni wọ́n pè é, 10 ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá wù ú lè yí i padà. Nọ́ḿbà kan ni. Kò gba kí á dá igi.

Ọmọ náà ní ó ṣeé ṣe. Ó ní àmọ́ sáfà tó yá ń gba owó lọ́wọ́ òun lóṣooṣù, ìròyìn tó bá sì pọ̀ owó ló jẹ́, torí náà òun ti fi sí i pé ẹni tó bá fẹ́ ríran jìnnà á máa san ₦500 lóṣù. Mo ní ìwọ, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ mi gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, kì í ṣe èmi, òṣùwọ̀n ni." Mo ní òṣùwọ̀n wo? Mo ní omi Ọlọ́run tí mo jí rí láàárọ̀ yìí, mo rí títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun, kò sí ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tòótọ́ ni, ó sì lọ ṣáájì fóònù rẹ̀.

Mo dìde, mo gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Mo ka gbogbo ẹ̀sùn náà fún un látòkèdélẹ̀: ti ọ̀bọ̀kún, ti òjìji, ti ìlà tó ń fọ́ mi lórí, ti ọkọ̀ tí kì í sí láyé títí á fi gbá mi, ti ₦500. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá mi lóhùn. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí i. Èmi ti san tèmi láti ọjọ́ Àìkú. Mo ń rí yín dáadáa lẹ́yìn ewé gbéborùn yẹn tí ẹ máa ń lúgọ sí. Edé tí ẹ kó lánàá dáa o. Ibo lẹ ti rí i?"